Báò aládùn nínú ìkòkò ọ̀lẹ̀: ìyẹ̀fun ará Ṣáínà, inú ará Sípéènì

Ẹni tó bá mọ ọ̀lẹ̀ sè dáadáa ti mọ ìdajì iṣẹ́ báò. Ooru omi ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe omi fúnra rẹ̀. Ọmọrí gbọ́dọ̀ dé ṣinṣin. A kì í sì í ṣí ìkòkò wò ní gbogbo ìgbà. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ fúláwà àti ohun tí a ó kì sínú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́.

Báò ni àwọn ará Ṣáínà ń pe búrẹ́dì roboto kékeré tí wọ́n ki nǹkan sí nínú, tí wọ́n sì fi ooru omi sè dípò kí wọ́n yan án. Inú rẹ̀ lè jẹ́ ẹran, ó lè jẹ́ ẹ̀fọ́, ó sì lè jẹ́ ohun dídùn. Ohun dídùn ni tiwa, adùn Sípéènì la sì fẹ́ kì sí i: wàrà tí a fi èèpo ọsàn àti sínámọ́nì sè, pupa ẹyin, àti ṣúgà tí a jó títí ó fi pọ́n. Ohun tí àwọn ará Catalonia, agbègbè kan ní Sípéènì, fi ń ṣe crema catalana nìyẹn, oúnjẹ dídùn tí wọ́n máa ń ṣe pàápàá ní ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́, 19 oṣù Kẹta.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ló pa Ṣáínà àti Sípéènì pọ̀, wọ́n ti pàdé rí ní Philippines. Sípéènì ṣàkóso ibẹ̀ láti 1565 di 1898, àwọn oníṣòwò Ṣáínà sì ti fìdí kalẹ̀ níbẹ̀. Siopao tí wọ́n ń tà káàkiri Manila, olú ìlú ibẹ̀, báò ni. Oníẹran nìyẹn ṣá o. Ní ti aládùn, èèpo ọsàn àti sínámọ́nì ni ibi tí wọ́n ti ń bára wọn mu. Àwọn ará Guangdong ní gúúsù Ṣáínà máa ń fi èèpo ọsàn gbígbẹ sè ẹ̀wà pupa oníṣúgà, àwọn ará Sípéènì ń fi èèpo lẹ́mọ̀nì sè wàrà, sínámọ́nì kò sì ṣàjèjì sí ìkankan nínú wọn.

Ṣùgbọ́n inú báò ni kí gbogbo adùn yìí wà. Ẹ má fi nǹkan kan dárà sí fúláwà. Sínámọ́nì máa ń dí yíìsì lọ́wọ́. Bí ó bá pọ̀ díẹ̀ nínú fúláwà, kò ní wú bó ṣe yẹ, àwọ̀ funfun tí báò fi ń wuni á sì bá a lọ. Òróró inú èèpo ọsàn náà kò ní ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìta jẹ́ ti Ṣáínà, kí inú jẹ́ ti Sípéènì, kí eyín tó bá gé e pàdé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ fúláwà ló kàn. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa, ìbáà jẹ́ ní Ọjà Ọba l'Ádó-Èkìtì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, búrẹ́dì ni wọ́n lọ̀ ọ́ fún. Ó lágbára, ó ń fà. Báò kò fẹ́ fúláwà tó ń fà. Ó fẹ́ èyí tí purotéènì rẹ̀ kò ju 9 tàbí 10 lọ nínú 100. Ti búrẹ́dì sábà máa ń tó 12. Ẹ wo ẹ̀yìn àpò rẹ̀, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún fúláwà náà, kí ẹ fi kọ́ńfúláwà dí i. Kọ́ńfúláwà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní purotéènì kankan, nítorí náà 12 á wálẹ̀ sí bíi 9.6. Ẹ má fi ògì gbígbẹ dípò rẹ̀ o. Àgbàdo náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti kan, kíkan rẹ̀ á sì jáde lẹ́nu ẹni tó bá jẹ ẹ́.

Fún báò 12, ẹ wọn fúláwà 240 gírámù, kọ́ńfúláwà 60 gírámù, ṣúgà 36 gírámù (ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tó tẹ́jú), yíìsì 3 gírámù (ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú), baking powder ṣíbí tíì kan, omi 150 ml tó lọ́ wọ́rọ́wọ́, àti òróró tí kò ní òórùn, ṣíbí ìjẹun kan. Ẹ lè fi wàrà dípò omi kí ó rọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ wàrà, ẹ fi 10 ml lé e, nítorí kì í ṣe omi nìkan ló wà nínú wàrà. Òṣùwọ̀n kékeré ṣe pàtàkì níbí. Dérícà àti kọ́ọ̀bù dára fún ìrẹsì, ṣùgbọ́n fúláwà tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù wúwo púpọ̀ ju èyí tí a rọra bù sínú kọ́ọ̀bù kan náà, ìyàtọ̀ yẹn nìkan sì tó láti sọ báò di òkúta.

Yíìsì tí wọ́n ń já wẹ́wẹ́ tà nínú náílọ́nì kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ dán an wò: ẹ pò ó mọ́ omi díẹ̀ tó lọ́ wọ́rọ́wọ́ àti ṣúgà fíńńfín, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí kò bá hó ìfófò, ẹ dà á nù. Ẹ mú omi ìdánwò náà kúrò nínú 150 ml yẹn, kí ó má baà pọ̀ jù.

Ẹ jọ fúláwà, kọ́ńfúláwà àti baking powder pa pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yọ́ ṣúgà sínú omi pátápátá kí ẹ tó dà á sí i. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan méjì yìí, nítorí àmì pupa-rúsúrúsú tó máa ń wà lára báò tó ti jinná, baking powder tí kò pò tàbí hóró ṣúgà tí kò yọ́ ló ń fà á. Ẹ pò ó, ẹ fi òróró sí i lẹ́yìn tí fúláwà bá ti mu omi tán, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, kí ẹ ká a padà, fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Yóò kọ́kọ́ rí wúruwùru, lẹ́yìn náà á dán. Ó yẹ kí ó le díẹ̀ ju ti búrẹ́dì lọ, kò sì gbọdọ̀ jọ ti pọfù-pọfù rárá. Ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìgò tàbí igi ìyí-fúláwà tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ tún tẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Afẹ́fẹ́ ńlá inú rẹ̀ lẹ ń lé jáde. Ẹni tó bá fo èyí á rí ihò àti kókó lójú báò rẹ̀.

Inú báò la gbọ́dọ̀ ṣe ṣáájú, àní kí ẹ tó fọwọ́ kan fúláwà, nítorí ó gbọ́dọ̀ tutù. Inú tó gbóná á mú yíìsì tó wà nítòsí rẹ̀ wú ṣáájú ìyókù, tàbí kí ó pa á, fúláwà ibẹ̀ á sì rin gbìndìn.

Oríṣi inú mẹ́ta ló wà níbí: ti wàrà àti ẹyin, ti ẹ̀wà olóyin, àti ti kajú. Ti wàrà àti ẹyin ni olórí wọn. Wàrà 180 ml ni. Bí ó bá jẹ́ mílíìkì oníyẹ̀fun, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta nínú omi 165 ml. Ẹ fi ọbẹ mímú bó ara òde ọsàn kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọ̀ ewé rẹ̀ nìkan la fẹ́. Funfun abẹ́ rẹ̀ ló ń korò. Ọsàn wẹ́wẹ́ méjì náà lè ṣe é, òórùn rẹ̀ tilẹ̀ sún mọ́ ti lẹ́mọ̀nì Sípéènì jù, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí oje rẹ̀ kan wàrà, á dì. Ẹ fi ọ̀pá sínámọ́nì tó gùn tó ìka sí i. Oríṣi méjì ló wà: èyí tó fẹ́lẹ́, tí wọ́n ká ní ìpele ìpele, èyí tí àwọn ará Sípéènì fẹ́ràn, àti èyí tó nípọn tó le bí èèpo igi, tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa àti ní Ṣáínà. Èyí tó nípọn ta ju èkejì lọ, ìdajì ọ̀pá tó. Ẹ gbé wàrà kaná títí etí rẹ̀ yóò fi máa yọ ìfófò kéékèèké, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ dé e fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì sẹ́ ẹ.

Ẹ lu pupa ẹyin mẹ́ta, ṣúgà 60 gírámù, àti kọ́sítáàdì pẹ̀lú kọ́ńfúláwà tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 25 gírámù. Àwọn alásè Guangdong náà máa ń lo kọ́sítáàdì inú agolo fún báò oníwàrà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Kìkì pé òórùn fàńílà inú rẹ̀ máa ń bá èèpo ọsàn jà, ìdí nìyẹn tí ìdajì-ìdajì fi dára. Ẹ rọra máa da wàrà gbígbóná sí i bí ẹ ti ń rò ó, kí ẹ dà á padà sínú ìkòkò, kí ẹ fi iná jẹ́jẹ́ rò ó láìdúró. Nígbà tó bá nípọn tán, ẹ má tíì sọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ó hó púkẹ́púkẹ́ fún odindi ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì máa rò ó lọ. Ohun kan wà nínú pupa ẹyin tó ń jẹ sítáàṣì run, híhó nìkan ló ń pa á; bí ẹ bá sọ̀ ọ́ láìtíì hó, èyí tó le dáadáa lálẹ́ á ti ṣàn bí omi lówùúrọ̀. Ẹ fi bọ́tà 30 gírámù àti iyọ̀ tó mọ níwọ̀nba sí i. Iyọ̀ náà ń ṣe díẹ̀ lára iṣẹ́ tí pupa ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀ ń ṣe nínú báò àwọn ará Ṣáínà. Ẹ tẹ́ náílọ́nì mọ́ ojú rẹ̀ gan-an kí ó má baà sé èèpo, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí mẹ́ta. Bí kò bá sí iná, yìnyín nínú kúlà á ṣe é. Lẹ́yìn náà ẹ pín in sí 12 ọgbọọgba, ẹ yí wọn roboto, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gan díẹ̀ nínú fírísà.

Ní ti ṣúgà jíjó: ẹ da ṣúgà 50 gírámù sínú páànù gbígbẹ lórí iná tí kò le, ẹ má fi ṣíbí rò ó, ẹ kàn máa mi páànù títí yóò fi yọ́ tí yóò sì pọ́n bí oyin. Ẹ dà á sórí abọ́ irin tí ẹ fi òróró pa, kí ó gan, kí ẹ sì gún un nínú odó kékeré. Ìdámẹ́rin ṣíbí tíì ni kí ẹ fi há àárín róbótó wàrà kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá ku díẹ̀ kí ẹ dì í. Bí báò bá ti gbóná nínú ìkòkò, ṣúgà yẹn á fa omi lára wàrà, á sì di oje dúdú tó korò díẹ̀. Adùn crema catalana wà nínú kíkorò yẹn. Láìsí i, wàrà dídùn lásán la jẹ. Lásìkò òjò, ìgò tó dé pinpin ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí láàárín ìgbà díẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ̀wà olóyin ló tẹ̀lé e, òun sì ni kí ẹni tó bá fẹ́ tà á kọ́kọ́ ṣe, nítorí kì í tètè bàjẹ́ bíi ti wàrà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ̀wà pupa ni ti Ṣáínà, ṣùgbọ́n olóyin dùn fúnra rẹ̀. Ẹ bó èèpo ẹ̀wà 100 gírámù bí ẹ ti ń ṣe fún ọ̀lẹ̀, ẹ sè é pẹ̀lú èèpo ọsàn àti sínámọ́nì díẹ̀ títí yóò fi fọ́. Ẹ má fi kàún sí i. Ẹ má sì fi ṣúgà sí i títí yóò fi rọ̀ tán. Ṣúgà tó bá tètè wọlé kì í jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀. Ẹ yọ èèpo àti igi, ẹ rún un kọjá nínú asẹ́, kí ẹ dà á sínú páànù pẹ̀lú òróró 30 gírámù àti ṣúgà 65 gírámù. Ẹ máa rò ó lórí iná jẹ́jẹ́ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi kúrò lára páànù tí yóò sì máa tẹ̀lé ṣíbí. Ẹ bu díẹ̀, kí ẹ yí i lọ́wọ́ nígbà tó bá tutù: bí àtẹ́lẹwọ́ bá rin lẹ́yìn rẹ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà síná. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì ń rẹni.

Ti kajú yá ju ìyẹn lọ. Turrón ti ìlú Jijona ní Sípéènì, álímọ́ǹdì lílọ̀ àti oyin ni; àwa ní kajú àti oyin ní Èkìtì. Kajú yíyan 130 gírámù tí a lọ̀ tí kò kúná jù, oyin 50, ṣúgà 20, bọ́tà 20, èèpo ọsàn tí a gé wẹ́wẹ́, àti fúláwà 25 gírámù tí a ti yan nínú páànù gbígbẹ títí òórùn rẹ̀ fi yí padà. Ẹ má fo fúláwà yíyan yẹn. Lára ọgbọ́n báò onígun mẹ́ta oníṣúgà ti Ṣáínà ni: fúláwà ló ń di ṣúgà mú kí ó má baà ṣàn jáde nígbà tó bá gbóná. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé nípa eléyìí, oyin gbígbóná máa ń jó ahọ́n ju bí ìta báò ti fi hàn lọ. Ẹ̀pà náà ṣeé fi dípò kajú, ṣùgbọ́n á borí òórùn ọsàn.

Ẹ pín fúláwà sí 12, ìkọ̀ọ̀kan 42 gírámù, ẹ fi aṣọ tútù bo èyí tí ọwọ́ yín kò tíì kàn. Ẹ tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 9 tàbí 10, kí etí rẹ̀ fẹ́lẹ́, kí àárín nípọn tó ìlọ́po méjì etí. Ẹ gbé róbótó sí àárín, ẹ kó etí jọ, ẹ fún un pa, kí ẹ sì dojú ibi tí ẹ fún pa náà bolẹ̀. Àárín tó nípọn yẹn ló wá di orí báò, òun ni kì í jẹ́ kí inú hàn. Bí òróró tàbí wàrà bá kan etí, kò ní lẹ̀ mọ́, á sì là nínú ìkòkò. Ẹ nù ún kí ẹ tó fún un pa. Ẹ gbé ìkọ̀ọ̀kan lé orí ewé eéran tí ẹ gé, tí ẹ fọ̀, tí ẹ sì fi òróró díẹ̀ pa. Òórùn ewé náà bá ẹ̀wà àti wàrà lọ dáadáa. Fún ti kajú, bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì dára jù.

Báyìí ó di kí a dúró kí ó wú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Lọ́sàn-án tí oòrùn ń ràn l'Ádó, ogún ìṣẹ́jú lè tó. Láàárọ̀ ọyẹ́, ó lè tó wákàtí kan. Ẹ má tẹ̀lé aago, ẹ tẹ̀lé báò. Kí ó fi ìdajì tóbi ju bó ti wà lọ, kí ó fúyẹ́ lọ́wọ́, kí ibi tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ máa padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dúró kí ó di ìlọ́po méjì gẹ́gẹ́ bíi ti búrẹ́dì, ó ti kọjá ààlà: á wú bọ̀ọ̀gbọ̀ nínú ìkòkò, á sì hunjọ gbàrà tí ẹ bá ṣí i.

Ẹ da omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sínú ìkòkò, ẹ gbé ajere tàbí asẹ́ irin lé e lókè omi. Ẹ jẹ́ kí omi hó kí báò tó wọlé. Ẹ fi àyè tó fẹ̀ tó ìka méjì sílẹ̀ láàárín wọn. Ọparun ni àwọn ará Ṣáínà fi ń hun àwo ìsebáò tiwọn, ọparun sì ń mu ooru. Ọmọrí tiwa tó jẹ́ irin ń kán omi sílẹ̀ ni, ibikíbi tí omi yẹn bá kán sí lára báò á sì dì, á dúdú, kò sì ní wú mọ́. Nítorí náà, ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ wé ọmọrí, kí ẹ so igun rẹ̀ sókè kí iná má baà gbá a. Iná tó wà níwọ̀nba ni, ìṣẹ́jú 12. Ooru tó le jù máa ń mú kí ojú báò yọ róró. Tó bá jẹ́ èédú lẹ ń lò, ẹ fa díẹ̀ kúrò lábẹ́ ìkòkò gbàrà tí ó bá hó, nítorí èédú kò ní bọ́tìnnì tí a fi ń dín in kù.

Bí ìṣẹ́jú 12 bá pé, ẹ pa iná, tàbí kí ẹ sọ ìkòkò kúrò lórí èédú. Ẹ má ṣí i. Ẹ ti ṣíbí kan bọ abẹ́ ọmọrí kí afẹ́fẹ́ máa wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tútù tó bá já wọlé lójijì máa ń mú kí ooru inú báò súnkì, ìta rẹ̀ tí kò tíì gan á sì tẹ̀lé e wálẹ̀. Èyí àti wíwú àwíjù ló ń fa ọ̀pọ̀ báò tó ń hunjọ. Bí ẹ bá ti ṣọ́ méjèèjì tó sì tún ń ṣẹlẹ̀, ẹ wo omi inú fúláwà, ó ṣeé ṣe kí ó ti pọ̀ jù.

Wọ́n dùn jù nígbà tí wọ́n bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Báò oníwàrà kò gbọdọ̀ sùn síta. Ẹ gbé e sínú fíríìjì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kejì. Olóyin àti kajú lè lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì, tàbí oṣù kan nínú fírísà bí iná bá dúró. Kí ẹ tó jẹ ẹ́, ẹ fi ooru omi gbé e kaná padà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, èyí tó dì fún mẹ́wàá, kí aṣọ sì tún wà lára ọmọrí.